Àwọn Fọ́tò Bogotá Tí Ẹ Ò Rí

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí inú sì ń bí mi sí,

Mo ti padà sí Ìgándò. Yàrá yín ni mo jókòó sí, fìlà yín ṣì wà lára ìṣó.

Ẹ̀yin lẹ wúre fún mi nígbà tí ibi iṣẹ́ rán mi lọ sí Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, níhà gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìpàdé parí, wọ́n fún wa ní ọjọ́ kan láti gbafẹ́. Mo wọ bàtà tó rọ̀, mo fẹsẹ̀ rin ìlú náà láti àárọ̀. Òtútù mú, orí òkè ni ìlú ọ̀hún wà, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rí gbàgede ńlá kan tí ẹyẹlé bò. Mo rí àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n kun ilé ibẹ̀ ní yẹ́lò àti búlùú. Wọ́n gbé ṣokoléètì gbígbóná fún mi, wọ́n ní kí n ju wàrà dídì, ìyẹn ṣíìsì, sí i. Mo jù ú sí i, ó sì dùn. Mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ bí ẹ ṣe máa yínmú sí i.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ń yà, tí mo ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ̀yin bíríkìlà, ta ni mo tún fẹ́ fi ògiri hàn? Mo ya ọ̀kan tó nípọn, mo bi yín bóyá amọ̀ ni àbí bíríkì. Èsì dé: “Ó dára, ọmọ mi.” Mo fi òmíràn ránṣẹ́. “Ó dára. Máa gbádùn.” Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí ẹ kì í tẹ ọ̀rọ̀, ohùn lẹ máa ń fi ránṣẹ́, ikọ́ á sì ṣáájú. Mo rò pé ó rẹ̀ yín ni. Mo ń rìn lọ ní tèmi.

Bùọ̀dá Mùtíù, àkọ́bí yín, ló ń tẹ̀ ẹ́. Àsùbá ọjọ́ náà lẹ kú. Wọ́n ti kírun sí yín lára, wọ́n sin yín lẹ́yìn ìrun Àílà, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ lọ́hùn-ún, torí aago tiwọn fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa. Òkú ni mo ń bi léèrè ọ̀rọ̀ ògiri.

Ìgbà tí bùọ̀dá wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú ló tó sọ fún mi. Mo pariwo lé e lórí lójú gbogbo èèyàn. Mo ní mi ò ní pè é ní bùọ̀dá mọ́ láyé. Ó gbé àpò mi sínú ọkọ̀, ó wà á títí a fi kọjá Ìkòtún.

“Kó tó di pé wọ́n dákẹ́, Bàbá ló ní kí n má sọ,” ló wí. “Wọ́n ní kí n jẹ́ kó o rin ìrìn ẹ parí.”

Ṣé lóòótọ́ ni? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi rò pé ẹyẹlé àti ilé aláràbarà tó ohun tí mo lè fi yín pààrọ̀? Mo mọ̀ pé kò sí bàálù tó lè gbé mi dé ibi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ẹkún ọjọ́ náà, tèmi ni, ẹ sì gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn ará àdúgbò ti sunkún tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó pẹ́ dé òde.

Mo ti dárí ji bùọ̀dá lánàá. Ó ní òun náà ò ráyè sunkún lọ́jọ́ yẹn, pé gbogbo ìgbà tí fóònù yín bá dún, òun á nujú, òun á dáhùn. Ẹrù tẹ́ ẹ dì lé e lórí nìyẹn, Bàbá. Ṣé ẹ rò ó wò?

Ẹ̀yin ni mi ò tíì dárí jì. Lórí ìrun kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ Ọlọ́run kó tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Bí mo bá sì ti dìde lórí ẹní, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ẹ fara dà á fún mi.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ò tíì sunkún tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.