Fóòmù tí mo yàn fún Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ọkọ yín àtàwọn ọmọ wà dáadáa? Bàbá ń kí yín.

Ẹ má bínú sí mi. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra fóòmù Màmá, mo dùbúlẹ̀ sórí onírọ́bà àti onísípíríǹgì, mo yí síbí, mo yí sọ́hùn-ún. Onísípíríǹgì ló tù mí lára. Mi ò rántí pé Màmá ò lè yíra padà látìgbà tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ti dégbò báyìí. Mo ní ká pààrọ̀ fóòmù, ó ní, "Ìwọ àti àròjù! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Padà sí iléèwé ẹ."

Ẹ pè é, ẹ bi í bóyá fóòmù náà ń ni ín lára. Ẹ̀yin nìkan ni kò ní parọ́ fún. Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa.

Àbúrò yín.