Fi Téèpù Wọn Adájọ́ Náà

Abẹ́rẹ́, ọmọọmọ mi,

Mo kí ọ o. Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ojú rẹ sì máa ríran kedere, nítorí iṣẹ́ ìránṣọ ò ṣeé fi ojú bàìbàì ṣe. Ara tèmi le. Orúnkún ọ̀tún ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ṣe ẹnu mi. Àbúrò rẹ obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bu iyọ̀ ìwé sí i.

A rí lẹ́tà rẹ gbà. Ọ̀gá rẹ ní kí o lọ wọn adájọ́ àgbà, kí o rán aṣọ ilé ẹjọ́ tuntun fún un. Bí aṣọ náà bá dára, wàá kúrò ní ẹni tó ń ṣẹ́ etí aṣọ, wàá di ẹni tó ń gé e. Ìwọ wá ní o fẹ́ kọ̀. O ní o wọ yàrá iṣẹ́ adájọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ìwé bo ògiri títí dé àjà, o sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ ara rẹ. O wá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan dé e lórí: overawe.

Mi ò kàwé, mo ní kí àbúrò rẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ọlá ẹnìkan tàbí títóbi nǹkan kó jìnnìjìnnì bá èèyàn débi tí kò fi ní lè ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Mo ní, “Ajá tó ń gbó mọ́ mi ńkọ́?” Ó ní rárá, Màámà, ìyẹn ẹ̀rù lásán ni; ọba, òkun, ilé ẹjọ́ ńlá, irú ohun tí èèyàn ń wárí fún ni wọ́n ń lò ó fún. Ó yé mi. Ó ti ṣe mí rí, kí a tó bí ìyá rẹ.

Adájọ́ kan wà nígbà náà tí ohùn rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kùn irin. Ọ̀gá tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní kí n lọ wọ̀n ọ́n fún aṣọ ilé ẹjọ́. Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo tún kúnlẹ̀. Ta ni èmi tí màá dì mọ́ ikùn irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ojú wọ̀n ọ́n, mo ní, “Mo ti wọ̀n yín tán, ẹ ṣeun sà.” Téèpù ò kúrò lọ́rùn mi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ náà, ó na ọwọ́ pé kí agbẹjọ́rò kan jókòó, abíyá aṣọ ya fàà. Wọ́n ní agbẹjọ́rò náà jókòó kíákíá.

Ọ̀gá mi ti ń kó ẹrù mi síta nígbà tí adájọ́ fúnra rẹ̀ wọlé. Ó gbé apá méjèèjì sókè. “Ọmọdébìnrin yìí, o ò wọ̀n mí rárá, àbí? Ó yá, wọ̀n mí!” Mo fi téèpù kan abíyá rẹ̀, ó fò sókè, ó bú sẹ́rìn-ín kèékèé bí ọmọ ọwọ́. Kò lè gba kí ọwọ́ kan ibẹ̀! Mo ń wọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Má sọ fún agbẹjọ́rò kankan o.” Aṣọ kejì ló wọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mo ti mọ bí ikùn rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Nítorí náà, má kọ iṣẹ́ náà. Kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí o wọn èjìká, àyà, ikùn àti apá. Gbọ̀n bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n máa wọ̀n ọ́n lọ.

Kí Ọlọ́run fi ọkàn rẹ balẹ̀, kí sísọ́ọ̀sì rẹ má ṣìnà, kí ojú má tì ọ́ níwájú ẹni ńlá.

Èmi ni ìyá tó bí ìyá rẹ.

Àfikún: Mo ní kí àbúrò rẹ fi fóònù ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ pé o ti gbà. Ó ti fèsì: ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀. Má bínú sí àbúrò rẹ, èmi ni mo dúró tì í. Má pẹ́ o.