Orúkọ Tí Désiré Fi Jẹ́ Ìpè Mi

Kpankou, ọjọ́ Ajé

Solange ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé oòrùn Calavi ò pọ̀ jù? Èmi àti bàbá yín ń mí, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí o rí ohun tí yóò pa ọ́ lẹ́kún, wàá sì jèrè ìwé tí ò ń kà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí o, ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ kò já sí asán. Mi ò fẹ́ fi fóònù pọ́tábù pè ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò yẹ kó máa kọjá lórí àwọn ará Pobè àti gbogbo àwọn tó wà lójú ọ̀nà kó tó dé etí rẹ.

Àgbàdo ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ mi bí méjì, ọ̀kan kú. Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ Désiré. Ọdún kẹta rèé tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gabon tí a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ ohun mìíràn láyé ju kí n mọ ibi tó wà.

O rántí ìgbà tí o wá ṣe ọdún Àjíǹde nílé? O jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, o gbé òdínátọ̀ rẹ, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹn, lé itan, o ní inú rẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé kó gbogbo ìwádìí wọn sí, pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń fi ilé sílẹ̀ lo ń wá. Mo ní kí o bá mi wá Désiré níbẹ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, àmọ́ o fi hàn mí. O tẹ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ náà kọ̀ ọ́, ó ní kí o má pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ báyìí ni kí o lò. O ní àwọn tó ṣe é ti fẹnu kò sí orúkọ kan ṣoṣo fún nǹkan kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì to àwọn orúkọ náà bí agbo ilé, bàbá ọ̀rọ̀ lókè, àwọn ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀, àwọn ìbátan rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìyàwó ilé kan ni wọ́n fi sínú ẹ̀rọ náà. Bá mi kí i, ilé tó ti jáde kọ́ ọ dáadáa. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo wọ ilé bàbá yín, mi ò pe ẹnikẹ́ni tí mo bá níbẹ̀ lórúkọ rí. Àbúrò bàbá yín, Eyínfúnjowó ni mo ń pè é. Nígbà tí àwọn tó ń ka èèyàn kó fọ́ọ̀mù wọn wá, tí wọ́n béèrè àwọn tó wà nílé, Eyínfúnjowó náà ni mo sọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì di Eyínfúnjowó lọ́dọ̀ ìjọba títí dòní. Inú rẹ̀ ò dùn rárá. Ṣùgbọ́n ṣé kí n wá tìtorí ìjọba pe ọkọ mi lórúkọ ni?

O wá ka agbo ilé ọ̀rọ̀ tí ò ń wá náà fún mi. Ìrìnàjò ni bàbá, ó wà lókè. Àwọn tó gba orí omi lọ wà nísàlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, o ka àwọn tó sọnù. Èyí tó tẹ̀ lé e, o ní “òkú tí”, o ò kà á parí tí o fi pa ẹ̀rọ náà dé, o ní iná rẹ̀ ti tán. Iná rẹ̀ ò tán, Solange. Ó ṣì ń tàn létí. Mi ò bi ọ́ léèrè, mo ṣáà mọ̀ pé ìwọ náà ní ẹni tí o kì í dárúkọ.

Àmọ́ mo ro ó. Mo ní bóyá orúkọ tí mo fi ń wá ọmọ mi kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò níbi tó wà. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ní ọ̀sán gangan, mo dúró létí oko wa, níbi tí ọ̀nà Odomèta ti yà. Mo pe Désiré, orúkọ tí fadá fún un. Kò sí nǹkan. Mo pe Àjàgbé, oríkì rẹ̀. Ẹyẹ pàápàá dákẹ́. Mo wá rántí pé Clémence, ìyàwó kékeré Eyínfúnjowó, kò lè pe Désiré lórúkọ nítorí ó bá a nílé, Dúdúyẹmí ló máa ń pè é. Èmi tí mo bí i, mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Mo pè é. Ó jẹ́. Láti inú àgbàdo ló ti jẹ́, ó ní ìyá, bí ìgbà tí mo bá fẹ́ rán an níṣẹ́.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́. Ewé àgbàdo kan ò mì. Mo wọ àárín poro, mi ò rí ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ibi tí ohùn náà ti jáde ló kàn rin gbindin, bẹ́ẹ̀ òjò ò tíì rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ kejì mo tún pè é, ẹ̀yìn ilé ló ti dá mi lóhùn. Lánàá, inú ilé ni. Bàbá yín ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, pé kí n yé pe ohun tí mi ò rí lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ajá dìde, ó ń ju ìrù bó ti máa ń ṣe fún un.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi Dúdúyẹmí sínú ẹ̀rọ náà. Kọ ọ́ dáadáa kí ìyàwó inú rẹ̀ má ṣì í mú. Bó bá ní kí o má pè é bẹ́ẹ̀, pé orúkọ mìíràn ni kí o lò, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Má pa ẹ̀rọ dé. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, màá fi pe ọmọ mi.

Bàbá yín kí ọ, Eyínfúnjowó kí ọ, Clémence náà kí ọ. Bí ọwọ́ rẹ bá tó o, fi owó páànù mẹ́ta àti ìṣó ránṣẹ́ sí wa fún yàrá Désiré. Mo bi í láàárọ̀ yìí bóyá ó sùn dáadáa, ó ní omi ń wọlé sí òun lára níbi tí òun wà. Mo ti yẹ yàrá náà wò, ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, mi ò rí ibi tó ti ń jò, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò lè máa sùn sínú omi kí n máa wò ó.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibi tí ìwọ náà ń sùn máa gbẹ. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá ẹ̀yin méjèèjì.