Máàkì Bíà Àbúrò Rẹ

Títí,

Láàárọ̀ yìí, bí bíà ṣe kan ahọ́n mi báyìí, gbogbo àkùkọ láti Ìyìn títí dé Ìjan ló panu mọ́, kí wọ́n lè gbọ́ máàkì tí mo máa fún un.

Bíà kíkorò tí wọ́n ń pè ní IPA ni, èyí tí Ọpẹ́mipọ̀ àbúrò rẹ pọn fúnra rẹ̀ n'Íbàdàn. Ó ṣáà ní kí èmi àti ìwọ jọ tọ́ ọ wò, ká fún un ní máàkì ni. Mo dúró dè ọ́ lánàá, o tún ránṣẹ́ pé ò ń bá nọ́ọ̀sì míì ṣe ṣíìfù tirẹ̀. Mo bá gbé ife méjì sílẹ̀, mo da tèmi, mo da tìrẹ.

Ó ń ta sánsán bí èèpo ọsàn. Ó korò débi pé ewúro á dọ̀bálẹ̀ kí i! Mo ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mo wá fi ohùn tìrẹ dá ara mi lóhùn: "Kọ́lá, irọ́ rẹ pọ̀, márùn-ún ni." Ìjà dé.

Ìyókù wà nínú fíríìjì. Má dá a mu, má sì fi máàkì kankan ránṣẹ́. Dúró dè mí. Ilé yìí ti dákẹ́ jù.

Ìyá Adéjọbí, aládùúgbò wa, ti ń pariwo láti yàrá kejì: "Kọ́lá, ta lò ń bá jà látàárọ̀?"

Mo ní, "Títí ni, ó ti dé!"

"Ọlọ́run ṣeun! Jẹ́ n wá kí i."

Ó ti yọjú lójú fèrèsé: "Títí ọ̀hún dà?"

Mo ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ o.