Àlùmọ́gàjí Inú Ibojì

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Òdìkejì Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Itẹ́ Òkú Àtijọ́,
Ọ́fíìsì Ẹnu Géètì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ DA KỌNKÉRÉ LÉ IBOJÌ ÌYÁ WA LÓRÍ

1. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ̀wé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi. Ìkéde tí ẹ lẹ̀ mọ́ géètì sọ pé ilẹ̀ òfìfo ni apá ìsàlẹ̀ itẹ́ òkú, torí pé kò sí àmì ibojì kankan níbẹ̀. Ẹ ní lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ óò sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

2. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà fún yín kan egungun níbẹ̀, àti àlùmọ́gàjí kan tó ti dípẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì. Wọ́n bo egungun náà padà. Àlùmọ́gàjí nìkan ló dé ọ́fíìsì yín. Akọ̀wé yín gbà mí láyè láti mú un wò. Kí bàbá mi tó kú, kì í yé sọ fún wa pé aránṣọ ọlọ́wọ́ òsì bíi tèmi ni ìyá tó bí ìyá òun, àti pé alágbẹ̀dẹ ló yí èèkù àlùmọ́gàjí rẹ̀ padà kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo ti ìka òsì mi bọ̀ ọ́, ó bá mi mu wẹ́kú. Orí mi wú, omi sì bọ́ lójú mi. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣùgbọ́n òun ni mo fi mọ ibi tí ìyá àgbà sùn sí.

3. Mo wá rin itẹ́ òkú náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bí àlùmọ́gàjí yìí ti fi hàn, inú ilẹ̀ ni wọ́n gbé irinṣẹ́ ti olóògbé, wọn kò fi ohunkóhun sókè. Ní àárín, ife, àwo àti àtùpà ti jáde sórí ibojì. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwo mọ́ sìmẹ́ǹtì, bóyá nítorí olè. Lókè, àwòrán ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta mábìlì ibojì bàbá mi. Ẹ̀rọ gan-an wà ní ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ń fi jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù òkú ṣe ń gòkè bọ̀ láti ìran dé ìran, títí ó fi di àwòrán. Ohun ìyanu ni lójú mi, n kò sì tíì bọ́ nínú ìyanu náà.

4. Nítorí náà, àwọn ara ìsàlẹ̀ kò ṣàìní àmì. Abẹ́ ilẹ̀ ni tiwọn wà, níbi tí ẹ kò wò.

5. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá iṣẹ́ náà dúró, kí ẹ sì fi ọgbà yí ibẹ̀ ká. Akọ̀wé yín ní ẹ fẹ́ gbé àlùmọ́gàjí náà sínú àpótí gíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìyá àgbà. Ó wu èmi náà kí n mú un lọ, torí mo mọ̀ ọ́n lò. N kò mú un, nítorí pé ẹni tó ni ín wà nílé.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Aṣọ-Ti-Yá,
Aránṣọ, lórúkọ gbogbo ẹbí.