Bébà Méjì Inú Dúrọ́ọ̀

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹfà
Ó-Dáa wá lónìí. Jouko lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, òun ló ń bá ilé ìwòsàn wa tún kọ̀ǹpútà ṣe, àmọ́ "ó dáa" nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Ó ti kó ẹ̀dà gbogbo fáìlì àwọn aláìsàn lọ sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọsánmà lòun ń pè é. Ó tì wọ́n pa kó tó kó wọn lọ, kí olè má baà rí wọn kà. Kọ́kọ́rọ́ wọn kì í ṣe irin — lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ ni, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà méjì. Ó ní kí n má fi méjèèjì síbì kan o, pé tí wọ́n bá sọnù, òun gan-an ò lè ṣí i. Mo ní mo ti gbọ́. Mo sọ méjèèjì sínú dúrọ́ọ̀ mi. Tó bá dọ̀la, màá gbé ọ̀kan fún Ọ̀gá, dókítà Raija tó ni ibẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19
Ọ̀la la ń ti ilé ìwòsàn pa fún ọdún Juhannus, àjọ̀dún ìgbà ooru. Mo palẹ̀ dúrọ́ọ̀ mọ́. Bébà àtijọ́ kún páálí kan, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ bí mo ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Ọ̀gá ò ra ẹ̀rọ tó ń gé bébà rí. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ṣe, nígbà tí èmi Marketta ní sauna, ilé ìwẹ̀ olóoru, létí adágún? Iná ilé ìwẹ̀ kì í tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21
Páálí yẹn la fi ń dá iná sauna láti àná. Esko ọkọ mi da omi sórí òkúta gbígbóná títí etí mi fi ń ta mí. Ìgbádùn.

Ọjọ́ Ajé, 30
Yéè! Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá ò jí. Ó-Dáa tú u wò, ó ní ọpọlọ rẹ̀ ti kú. "Ó dáa, kò burú, ẹ̀dà wà lókè. Ẹ gbé bébà yẹn wá, mà." Mo fa dúrọ́ọ̀. Ó mọ́ tónítóní. Ọwọ́ ara mi ni mo fi nù ún! Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti bá páálí wọ iná sauna. Àwọn méjèèjì ń wò mí. Ẹnu mi ní: "Ó máa wà níbì kan." N ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù keje
Ọ̀gá kúnlẹ̀ lónìí, ó ń wá bébà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí orúnkún ń dùn. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Èmi! Ó ní, "A ó rí i. Marketta kì í sọ nǹkan nù." Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń bá a ṣiṣẹ́. Tó bá lé mi, ta ló máa gba obìnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta síṣẹ́? Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́rú, 2
Ó-Dáa wò ó: fáìlì ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé, gbogbo wọn pé síbẹ̀, ẹyọ kan ò ṣí. Mo jẹ́wọ́ fún Esko. Ó ń bó ọ̀dùnkún lọ. Nígbà tó yá ó ní kí n lọ sọ fún Ọ̀gá. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí wọ́n lé mi ni. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Marketta." Mo bínú sí i. Òótọ́ tó sọ ló ń bí mi nínú.

Ọjọ́bọ̀, 3
Bàbá Kaarlo Pulkkinen wá, àgbẹ̀ tó ń sin màlúù, tó ní àtọ̀gbẹ. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n, ó ti wú. Oògùn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà kan, Ọ̀gá rántí ìyẹn — àmọ́ èwo? Bàbá ò mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ màlúù nìkan ló kù lórí òun. Inú fáìlì ló wà, kò sí níbòmíràn. Ọ̀gá ti gbé fóònù láti pe ọsibítù ìlú ńlá. Ló bá yíjú sí mi: "Ṣé ó dá ọ lójú pé bébà yẹn ṣì wà?"

Àyè àtisọ òótọ́ ṣí sílẹ̀ fún mi gbangba. Mo ní, "Ó dá mi lójú, mà. Ilé ni mo gbé e sí. Màá mú un wá láàárọ̀ ọ̀la."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ àárọ̀ ọ̀la ni, kí Bàbá lọ sinmi, ká má lọ fi oògùn pa á. Bàbá bọ̀ mí lọ́wọ́ kó tó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 4
Bàbá Kaarlo ò wá. Aládùúgbò rẹ̀ ló pè: ara rẹ̀ gbóná bí iná, ó ń sọ ìsọkúsọ, áńbúláǹsì ti gbé e. Ọ̀gá ní, "Bébà dà?" Mo sọ ọ́. Mo ní mo ti jó o, ní Juhannus. "O mọ̀ láti Ajé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò pariwo. Ì bá kúkú pariwo! Ó pe ọsibítù, ó ní kò sí fáìlì, kí wọ́n ṣọ́ra. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 6
Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8
Kò kú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún lánàá. Ọ̀gá ló pè mí. Ó ní dókítà ibẹ̀ sọ pé ká ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Ọjọ́bọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ náà má lọ. N ò lè bẹ̀ ẹ́ pàápàá.

Ọjọ́bọ̀, 10
Fóònù dún. Bàbá Kaarlo! Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó gbọ́ pé n ò wá síbi iṣẹ́ mọ́, ó ní bóyá ọ̀rọ̀ òun ló kó bá mi. "Má bínú, ọmọ mi. Ká ní mo rántí orúkọ oògùn yẹn ni, wàhálà yìí ò bá tí bá yín. Ọjọ́ ogbó ni."

Ó ń bẹ̀ mí. Wọ́n gé e lẹ́sẹ̀, ó tún ń bẹ̀ mí! Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan irọ́ tí mo pa níwájú rẹ̀. Ó ní kí n wá sí ọsibítù, kí n wá tún un sọ lójú òun.

Bọ́ọ̀sì aago mẹ́sàn-án ni màá wọ̀ lọ́la. Ẹ̀rù ò bà mí tó báyìí rí.