Ọwọ́ Màmá Lábẹ́ Ọ̀dà Funfun

                                        Ilé Kejì sí Ilé-iṣẹ́ Ọ̀dà,
                                        Òpópónà Ògiri Gígùn,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ.

Gíga, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yín tó máa ń géni jẹ? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́, àbí o ò tíì jáwọ́ nínú kíká ara rẹ sínú mọ́tò kékeré yẹn? Ara tiwa le, a dúpẹ́. Ọkàn mi ni ò balẹ̀.

O kú àdúrótì wa nígbà tí a sin Màmá. Látọjọ́ tí o ti padà ni Bàbá ò ti wọ yàrá mọ́. Orí àga ní pálọ̀ ni wọ́n ń sùn, ní ìjókòó, ẹsẹ̀ wọn sì wú tí bàtà ò fi wọ̀ ọ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n pariwo títí pé tí wọn ò bá na ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ẹsẹ̀ yẹn máa dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá ní àwọn ò ní gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá.

Ohun tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà rèé. O rántí pé egungun itan Màmá kán, tí dókítà sì fi irin títáníọ́mù pààrọ̀ orí egungun náà. Lẹ́yìn ìyẹn, láràárọ̀ ni Màmá máa ń fi ìpara gbígbóná wọ́ ìbàdí, wọ́n á wá fi ọwọ́ kan náà di ògiri mú lọ sí ilé ìwẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń dúró sí láti mí. Ògiri mu òróró ìpara náà níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kan báyìí, pẹ̀lú ìka kékeré wọn tó tẹ̀. Màmá lọ, ọwọ́ ò lọ.

Mo fi ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú kùn ún. Ó gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ọwọ́ ti yọ padà. Mo tún kùn ún, ó tún yọ. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń pè mí lójo! Èmi tí mo ń po ọ̀dà jẹun mọ̀ pé òróró ló ń là á kọjá. Mo mọ̀ ọ́n o, síbẹ̀ ara mi bù máṣọ.

O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹfun lásán là ń tà. Ẹfun kọ́, jàre. Ìyẹ̀fun títáníọ́mù ni, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀dà funfun bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Irin kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú torí pé ó fúyẹ́ tó sì lágbára, òun ni wọ́n fi ń ṣe páìpù tí ásíìdì ò lè jẹ. Ìyẹ̀fun rẹ̀ wà nínú ọṣẹ tí o fi ń fọ eyín, ó wà lára oògùn oníhóró funfun tí Màmá ń gbé mì. Irin tí wọ́n fi sí itan wọn sì wà nínú sàréè pẹ̀lú wọn báyìí. Ilẹ̀ ò ní lè jẹ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń da àpò ìyẹ̀fun náà sínú ẹ̀rọ ni mo ń rò ó.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ fún mi ní ọ̀dà olóròóró kan tó ki, tí títáníọ́mù kún inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kùn ún, ọwọ́ pòórá. A retí, retí, kò yọ mọ́. Bàbá wo ògiri náà títí, wọ́n wọ yàrá, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò pẹ́ tí wíwú ẹsẹ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ìyàwó mi ń yìn mí káàkiri ilé. Àmọ́ èmi gan-an ò lè wo ògiri yẹn. Ó funfun jù, bí ilé tí Màmá ò gbé rí.

Láàárọ̀ àná, mo bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgò ìpara Màmá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti fi pa àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ibi tí ọwọ́ Màmá wà gẹ́lẹ́. Ọ̀dà náà ò gbà á, òróró kàn ń ṣàn wálẹ̀ ni. Bàbá ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "O ti bò ó jù. Tó bá dé, ibo ló máa dì mú?"

Gíga, omi bọ́ lójú mi. Èmi rò pé ẹ̀rù ọwọ́ yẹn ló ń ba Bàbá. Áà, wọn ò kàn fẹ́ dí Màmá lọ́nà ni.

Mo lọ mú ọ̀bẹ tí mo fi ń ha ọ̀dà, mo rọra ha ibẹ̀. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Bàbá gbé tiwọn lé e, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì padà lọ dùbúlẹ̀ fúnra wọn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ dáadáa. Bàbá ní kí n kí ọ, wọ́n ń retí rẹ. Tí o bá dé, má sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá bíi tàtẹ̀yìnwá. Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

                                        Èmi náà ni,
                                        Ẹlẹ́fun, bí Màmá ṣe ń pè mí.